Mo pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn wa sí mẹ́rin, síbẹ̀ Wi-Fi àlejò ṣì ń ṣí fódà yàrá àyẹ̀wò

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan ká mi lára, òun ni mo gbé wá.

Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Ìbàdàn. Ilé alájà mẹ́ta ni. Kọ̀ǹpútà tó ọgọ́ta, kámẹ́rà jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní gbogbo ọ́fíìsì, ẹ̀rọ ultrasound kan sì wà tó ṣì ń lo Windows 7. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, 192.168.1.0/24, ni gbogbo wọn wà. Fóònù àwọn tó wá kí aláìsàn náà, ibẹ̀ ló wà.

Lóṣù tó kọjá, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì owó ṣí ìwé kan tí wọ́n fi í-meèlì ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n ní ẹ̀rí ìsanwó ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Kó tó di aago kan ọ̀sán, gbogbo fáìlì inú fódà àjọlò yàrá àyẹ̀wò ti yí orúkọ padà, ìkankan ò ṣí mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì padà sórí ìwé. Ìyá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò títí di aago mẹ́rin, ó ń dúró de èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí a ti yẹ̀ wò lánàá ọjọ́ náà. A ò rí i fún un. Wọ́n tún abẹ́rẹ́ gún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Igbe ọmọ yẹn ṣì ń dún létí mi.

Ọ̀gá wa fọwọ́ sí owó. Mo ra switch (àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ń bọ́ sí) méjì tó mọ VLAN, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí yàrá-yàrá; MikroTik ni ráútà wa. Mo ṣe VLAN 20 fún òṣìṣẹ́, 30 fún server àti yàrá àyẹ̀wò, 40 fún kámẹ́rà, 50 fún àlejò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀: 10.20.20.0/24, 10.20.30.0/24, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe wọ Wi-Fi àlejò, tí mo fi ping pe 10.20.30.5, server yàrá àyẹ̀wò, tó dá mi lóhùn. Mo ní kí n ṣí fódà rẹ̀. Ó ṣí.

Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Oníbodè · Ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀

Àbúrò, o kú ìrọ́jú. Èyí tó o ṣe tọ̀nà, ó kàn ku ìdajì ni.

VLAN ń ya àwọn tó wà lórí switch nípa. Bí ẹni tó wà ní VLAN 50 bá pariwo, ẹni tó wà ní VLAN 30 ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n o fún ráútà ní àdírẹ́sì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iṣẹ́ ráútà sì ni kó gbé ẹrù láti ibì kan dé ibòmíì. Bí páákẹ̀tì, ìyẹn ẹrù ìsọfúnni kékeré, bá ti VLAN 50 wá, tó ní òun ń lọ sí 10.20.30.5, ráútà mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa, á sì mú un débẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. O kọ́ yàrá mẹ́rin, o la ilẹ̀kùn sí gbogbo wọn, o ò fi ẹnikẹ́ni sẹ́nu ọ̀nà.

Ìdí tí mo fi ń jẹ́ Oníbodè níbí nìyẹn. Láyé àwọn baba wa, odi ìlú nìkan ò tó. Ẹni tó jókòó ní ibodè, tó ń bi èrò pé níbo lo ti ń bọ̀, kí lo rù, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ, òun ló ń ṣọ́ ìlú. Iṣẹ́ tí firewall ń ṣe náà nìyẹn.

Lórí MikroTik, mọ ìyàtọ̀ láàárín chain (ọ̀wọ́ òfin) méjì. Input ni ohun tó ń bọ̀ wá bá ráútà fúnra rẹ̀. Forward ni ohun tó ń gba inú ráútà kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Inú input ni ọ̀pọ̀ tí mo ti bá tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń kọ òfin wọn sí, tí wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé kò ṣiṣẹ́. Forward nìwọ ń wá:

/ip firewall filter
add chain=forward action=accept connection-state=established,related
add chain=forward action=drop connection-state=invalid
add chain=forward action=accept in-interface=vlan20 out-interface=ether1
add chain=forward action=accept in-interface=vlan50 out-interface=ether1
add chain=forward action=accept in-interface=vlan20 dst-address=10.20.30.5 protocol=tcp dst-port=443
add chain=forward action=drop log=yes log-prefix="dina"

Láti òkè ló ti ń kà á bọ̀. Ìlà tó bá kọ́kọ́ bá páákẹ̀tì mu, ibẹ̀ lẹjọ́ parí. Òṣìṣẹ́ lè lọ síta (ether1 ni wáyà íntánẹ́ẹ̀tì), àlejò lè lọ síta, òṣìṣẹ́ lè bá server sọ̀rọ̀ lórí pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà orí ẹ̀rọ) 443 nìkan. Ohun tí a ò dárúkọ, ìlà tó gbẹ̀yìn gbé e dànù, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú: bí o bá fi òfin tuntun sí i tí ping ṣì ń lọ, má tíì pa òfin náà rẹ́. Ìbáṣepọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìlà àkọ́kọ́ ṣì ń gbà láyè. Lọ sí Connections, pa á rẹ́ níbẹ̀, kí o tún un dán wò.

Ìyá_Ìbejì_Server · Ọjọ́ Ajé, 11:40 àárọ̀

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Oníbodè, ṣùgbọ́n àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tíì tẹ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka sí ní àárọ̀ ò rí server rẹ̀ mọ́. Pọ́ọ̀tù 4370 ló ń lò, n ò sì mọ̀ torí n ò bi ẹnikẹ́ni. Òpin oṣù la wà. Owó oṣù àwọn ènìyàn fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Ọkùnrin awakọ̀ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò bá mi jà, ó kàn ní kí n bá òun pe ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òun, kí wọ́n má lé e jáde nítorí owó. N ò gbàgbé.

Nítorí náà, àlejò nìkan ni kí o dínà mọ́ lónìí. Fi ìlà kan tó ní vlan50 ò gbọdọ̀ dé 10.20.0.0/16, gbogbo àdírẹ́sì inú ilé yín, sí i, ìyẹn ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ti àwọn tó kù, fi action=log sí ipò drop nísàlẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì rí i pé òpin oṣù bọ́ sínú rẹ̀, torí àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ìgbà ìsanwó nìkan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àkọsílẹ̀ inú MikroTik kì í gbà ju ìlà 1,000 lọ bí o ò bá yí i padà, nítorí náà darí rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Láàárín ìgbà náà, mú ìwé fífẹ̀ kan, kí o lọ láti yàrá dé yàrá. Bi ẹni tó ń gba káàdì, bi apòògùn, bi àwọn yàrá àyẹ̀wò: kí lẹ máa ń ṣí láàárọ̀, ibo lẹ ń tẹ̀wé sí? Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn èkejì ni kí o kọ, má wulẹ̀ kọ èyí tó ń dáhùn, torí ìdáhùn ò nílò òfin tirẹ̀ mọ́. Àwọn firewall ìbẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1980 kì í rántí nǹkan, bí àjèjì ni wọ́n ń wo páákẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, o sì ní láti kọ òfin àlọ, kí o kọ ti àbọ̀. Láti ìgbà tí Check Point ti gbé FireWall-1 jáde ní 1994 ni èyí tó ń rántí ti di ti gbogbo ayé. Ìlà established tí Oníbodè kọ yẹn, òun ló ń ṣe ìrántí náà fún ọ.

Bàbá_Wáyà · Ọjọ́ Ajé, 2:25 ọ̀sán

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Abẹ́òkúta ni mo wà, mo ti ń fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti 1998.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé ìwòsàn kékeré nìyí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bójú tó o. Mo ti dé ọ́fíìsì kan tí kò ní ju ogún ènìyàn lọ, tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe VLAN mọ́kànlá fún. Ó lọ sí Kánádà. Kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ìdí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ò fi tẹ̀wé. Firewall kan tó dára lẹ́nu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, antivirus lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, backup tó péye: ohun tí a fi ń ṣe é láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ó sì gbè wá. Ohun tó bá le jù lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò pẹ́ tí yóò bàjẹ́.

Oníbodè · Ọjọ́ Ajé, 7:50 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ti VLAN mọ́kànlá yẹn, ẹ jàre pátápátá. Márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fún ilé yìí.

Ṣùgbọ́n n ò lè gbà pé ẹnu ọ̀nà nìkan tó. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Akọ̀wé tó ṣí í-meèlì yẹn, inú ilé ló wà. Firewall ẹnu ọ̀nà ò rí i nígbà tó ń bá yàrá àyẹ̀wò sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ò gba iwájú rẹ̀ kọjá rárá.

Ẹ wo Target, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, ní 2013. Ọ̀rọ̀ aṣínà ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ amútútù ni àwọn olè náà jí, òun ni wọ́n fi wọlé. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí ẹ̀rọ ìsanwó wà. Nọ́ńbà káàdì mílíọ̀nù 40 ló lọ. Kí ló pa oní-ẹ̀rọ-amútútù pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba owó?

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ilẹ̀ Denmark, torí ó kan apá ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2017 ni. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní NotPetya gba inú M.E.Doc, sọ́fítíwíà owó orí tí wọ́n ń lò ní Ukraine, wọlé. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti kárí ayé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Wọ́n ní láti tún kọ̀ǹpútà 45,000 àti server 4,000 tò láti ìbẹ̀rẹ̀, owó tí wọ́n pàdánù sì wà láàárín mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là. Àwọn server tó ń tọ́jú orúkọ àti ẹ̀tọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ bí 150, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà ara wọn lójoojúmọ́, nítorí náà wọn ò rò pé gbogbo rẹ̀ lè lọ lọ́jọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ó ku ẹyọ kan, ní Gánà. Iná mànàmáná ló lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé, server náà ò sì sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Íntánẹ́ẹ̀tì Gánà ò yára tó láti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí England, níbi tí wọ́n ti ń tún gbogbo nǹkan tò. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò ní físà. Ẹnì kan gbé hard disk náà wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Nàìjíríà níbí, ó fà á lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀, onítọ̀hún sì wọ ọkọ̀ lọ sí Heathrow. Ohun tí wọ́n fi jí ilé iṣẹ́ náà dìde nìyẹn.

Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Server Gánà yẹn ni ẹyọ kan ṣoṣo tí nǹkan yà sọ́tọ̀ lára ìyókù. Àìsí iná ló yà á. Mo fẹ́ kí ti ilé ìwòsàn àbúrò wa jẹ́ òfin ni yóò yà á.

Adé_Manchester · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 òru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ti ultrasound yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan níbí nígbà tí kòkòrò WannaCry dé, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Kàrún 2017. Pọ́ọ̀tù 445 ló ń gbà rìn, ibi tí Windows ti ń pín fódà. Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Ó kéré tán, 80 nínú 236 trust NHS (àwọn ẹ̀ka tó ń darí ilé ìwòsàn ìjọba) tó wà ní England ló kàn. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wéowó-wò ìjọba gbé ìwádìí wọn jáde lóṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n kọ ọ́ pé yálà wọ́n ti ṣe àtúnṣe Windows tàbí wọn ò ṣe é, bí wọ́n bá ti mójú tó firewall tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, ì bá dáàbò bò wọ́n. Mo rántí ọ̀nà wa tó kún fún àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbààwẹ̀ láti alẹ́ nítorí iṣẹ́ abẹ, tí a ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Windows 7, Microsoft ti dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 2020. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ju ultrasound tó ń ṣiṣẹ́ nù nítorí ìyẹn, kò sì yẹ kí wọ́n jù ú. Ṣe yàrá tirẹ̀ fún un, VLAN 35 bí àpẹẹrẹ. Òun àti ẹ̀rọ mìíràn bíi tirẹ̀ nìkan ni kó wà níbẹ̀. Ó yẹ kó lè fi àwòrán ránṣẹ́ sí server àwòrán yín lórí pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo. Bí sọ́fítíwíà Orthanc ni ẹ ń lò, 4242 ni, àfi bí ẹ bá ti yí i. Kò gbọdọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan 445 rẹ̀ láti ibòmíì. Bí ẹni tó tà á fún yín bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ láti òkèèrè láti tún un ṣe, ẹ ṣí i fún un ní wákàtí tó fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ẹ sì tì í padà lójú rẹ̀.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́bọ̀, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti dínà mọ́ àlejò láti ọjọ́ Ajé. Mo ti ya ultrasound sọ́tọ̀. Mo ti lọ yí gbogbo yàrá ká pẹ̀lú ìwé, mo sì rí nǹkan mẹ́ta tí n ò mọ̀ rárá, títí kan kọ̀ǹpútà apòògùn tó ń tẹ̀wé sórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì owó.

Lánàá mo fẹ́ dáàbò bo ráútà fúnra rẹ̀, mo fi drop sínú input kí n tó kọ ẹni tó lè wọlé. Winbox tí mo fi ń ṣàkóso ráútà pa mọ́ mi lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àyà mi já. Mo wá rí i pé mo lè tẹ MAC ráútà (nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ) nínú Winbox dípò IP, ó sì gbà mí wọlé. Ṣé ó dáa kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà míì?

Ẹ̀ẹ̀kejì: mo rí i pé ẹni tó fi kámẹ́rà sí i ti ṣí pọ́ọ̀tù 8000 àti 554 láti ìta, kí ọ̀gá lè máa fi fóònù wo kámẹ́rà láti ilé.

Oníbodè · Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

O ṣe é, àbúrò. Nígbà míì, kí o tó fọwọ́ kan òfin, tẹ Ctrl+X nínú terminal, tàbí kí o tẹ bọ́tìnì Safe Mode nínú Winbox. Bí o bá ti ara rẹ mọ́ta, ráútà fúnra rẹ̀ á dá gbogbo ohun tó o ṣe padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tẹ Ctrl+X lẹ́ẹ̀kejì kó lè dúró.

Ọ̀nà MAC yẹn, rò ó dáadáa. Òfin firewall tí à ń kọ yìí ò rí i, torí kì í gba orí IP. Ọ̀nà tó gbà ọ́ wọlé lánàá, ẹni tó jókòó sórí Wi-Fi àlejò náà lè kàn án. Ṣe VLAN 10 fún ìṣàkóso nìkan, kí o lọ sí /tool mac-server mac-winbox, kí o yàn án pé VLAN 10 nìkan ló lè lò ó. Nínú input: established kọ́kọ́, lẹ́yìn náà VLAN 10, lẹ́yìn náà DNS (tó ń wá àdírẹ́sì orúkọ ìkànnì) lórí pọ́ọ̀tù 53 fún àwọn yàrá inú ilé, ìgbẹ̀yìn drop. Ní 2018, wọ́n rí ihò kan nínú Winbox, lórí pọ́ọ̀tù 8291, tó jẹ́ kí ẹni tó wà níta ka orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà inú ráútà láì wọlé. MikroTik tún un ṣe lóṣù Kẹrin ọdún náà, ṣùgbọ́n àwọn tí Winbox wọn ò kọjú síta kò ní nǹkan kan tí wọ́n ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ àwọn ará ìta.

Kámẹ́rà: ti pọ́ọ̀tù méjèèjì yẹn lálẹ́ òní. Kòkòrò Mirai, ní 2016, bí ọgọ́ta orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ ló fi ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó jọ kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ DNS kan, tí Twitter àti Netflix fi ṣòro láti ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Gbé RouterOS, sọ́fítíwíà inú ráútà rẹ, sí 7, kí o ṣe WireGuard, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, fún fóònù ọ̀gá. Ọ̀gá á tan WireGuard, á rí kámẹ́rà rẹ̀, ẹlòmíì ò ní rí ohunkóhun. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ lè jáde síta. Bí ó bá fẹ́ mọ aago, ráútà ni kó bi; kọ òfin ìyẹn àti ti WireGuard sínú input ṣáájú drop.

Olùkọ́_Kétu · Ọjọ́ Ẹtì, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú o, láti Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbí ní iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibì kan sì wà tí wọ́n máa ń kọsẹ̀ sí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ bà.

Firewall ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó wà nínú VLAN kan náà. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ méjì tó wà lórí VLAN 20, switch ló ń so wọ́n pọ̀ tààrà, ráútà ò gbọ́ sí i. Bí akọ̀wé bá tún ṣí irú ìwé yẹn lọ́la, gbogbo kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ló ṣì wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà ẹ tan Windows Firewall lórí gbogbo wọn, kí ẹ dí 445 tó ń wọlé. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ò ní ìdí láti máa pín fódà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, server ló wà fún ìyẹn. Lórí Wi-Fi àlejò, ẹ tan ìyàsọ́tọ̀ tó wà nínú access point, kí fóònù àlejò kan má lè kan fóònù àlejò kejì.

Ìyá_Ìbejì_Server · Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 àárọ̀

Olùkọ́, ẹ ṣeun, èyí tó ṣe pàtàkì lẹ sọ.

Àbúrò, nígbà tó o bá parí, dán an wò láti inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Má fi ojú wo òfin kí o ní ó dáa. Gbé laptop, so ó mọ́ wáyà kámẹ́rà, so ó mọ́ wáyà yàrá àyẹ̀wò, kí o fi nmap, tó ń wá pọ́ọ̀tù tó ṣí, wo àwọn yàrá yòókù láti ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba káàdì ìsanwó, ìlànà ààbò wọn tó ń jẹ́ PCI DSS fi dandan lé e pé bí o bá sọ pé o ti ya ibi tí káàdì wà sọ́tọ̀, kí o máa dán ìyàsọ́tọ̀ náà wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìsọfúnni ìlera ò kéré sí ti káàdì. Lábẹ́ òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, ara ohun tí wọ́n kà sí ẹlẹgẹ́ ni, bí ó bá sì jò lọ́nà tó lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Mo wá sí ibi iṣẹ́ lónìí kí n lè dán an wò láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Láti Wi-Fi àlejò: kò sí nǹkan kan tó ṣí lórí 10.20.30.5. Láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́: 443 nìkan. Láti ọ̀dọ̀ ultrasound: 4242 nìkan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ṣùgbọ́n ní àjà kẹta, mo yọ wáyà kámẹ́rà kan, mo so laptop mi mọ́ ọn. Ó fún mi ní 10.20.40.61. Mo yọ ọ́, mo tún un so, ó fún mi ní 10.20.20.118. Àdírẹ́sì òṣìṣẹ́! Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú rẹ̀ ló fún mi ní ti òṣìṣẹ́. Mo ti wo òfin ráútà láti òkè dé ilẹ̀, n ò rí àṣìṣe. Mo ti wo switch méjèèjì, pọ́ọ̀tù kámẹ́rà wà ní VLAN 40 bó ṣe yẹ.

Bàbá_Wáyà · Ọjọ́ Àìkú, 5:06 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, fi ráútà sílẹ̀. Tọ wáyà.

Ṣé o ní switch kékeré kankan ní àjà kẹta yẹn, èyí tí kò mọ VLAN? Bí ó bá wà, ka iye wáyà tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan lọ sínú pọ́ọ̀tù kámẹ́rà, tí èkejì lọ sínú pọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́, a jẹ́ pé òun ló so yàrá méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn firewall rẹ. Kò mọ 20, kò mọ 40. Ohun tó bá gbà níhìn-ín ló ń jù sọ́hùn-ún. DHCP (èyí tó ń pín àdírẹ́sì) tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni laptop rẹ ń gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń yí padà.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Bàbá! Ẹ pẹ́ fún wa o.

Ẹ̀yìn fìríìjì kékeré ní yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì ni switch náà wà, ẹlẹ́nu márùn-ún, eruku bò ó. Wáyà méjì ló sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, eérú kan àti aláwọ̀ búlúù kan. Mo tọ búlúù náà gba inú àjà, ó kọjá lórí yàrá ìkọ̀wé, ó sì bọ́ sínú pọ́ọ̀tù 17 lórí switch ìsàlẹ̀, VLAN 20. Ẹni tó fi kámẹ́rà sí i ló fà á, kí ó lè fi laptop rẹ̀ wo kámẹ́rà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kò yọ ọ́ nígbà tó lọ.

Mo yọ ọ́. Mo pa pọ́ọ̀tù 17. Mo so laptop mọ́ wáyà kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 10.20.40 ni gbogbo rẹ̀. Láti ibẹ̀, server ò dáhùn, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ò dáhùn, íntánẹ́ẹ̀tì ò dáhùn.

Bàbá_Wáyà · Ọjọ́ Àìkú, 6:44 ìrọ̀lẹ́

O káre. Lọ́la, lẹ nọ́ńbà mọ́ gbogbo wáyà tó kù ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí o ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí o lẹ ìwé náà mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù switch.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti bẹ̀rẹ̀, sà. Mo ti dé nọ́ńbà 9.